Ìkọ̀sílẹ̀ pẹ̀lú ìfohùnṣọ̀kan ní ilẹ̀ Ìlàjẹ

Ìkọ̀sílẹ̀ pẹ̀lú ìfohùnṣọ̀kan ni ìtúká ìgbéyàwó tí ọkọ àti ìyàwó jọ fẹnu kò lé lórí, láìjẹ́ pé ọ̀kan ń bá èkejì jà nílé ẹjọ́. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí ó wà létí òkun ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, iye àkókò tí irú ìkọ̀sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà dúró lórí irú ìgbéyàwó tí tọkọtaya náà ṣe. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ lè túká láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ti ẹ̀sìn Ìsìláàmù sábà máa ń gbà tó oṣù mẹ́ta. Ìgbéyàwó kóòtù, èyí tí a ṣe lábẹ́ òfin ìjọba, ni ó ń pẹ́ jù: bí tọkọtaya bá gba ọ̀nà ìfohùnṣọ̀kan, kò lè dín ní ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ tí wọ́n ti pínyà, láì tíì ka àkókò ìgbẹ́jọ́ mọ́ ọn.

Ìtumọ̀

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà "ìkọ̀sílẹ̀" máa ń mú wa rò pé ẹnìkan ni ó kọ ẹnìkejì. Ọkọ lè kọ aya, aya náà sì lè kọ ọkọ. Èyí tí à ń sọ níhìn-ín yàtọ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì ni ó gbà pé ìgbéyàwó náà ti parí, tí wọ́n sì ti jíròrò lórí ọmọ, ilé àti owó. Òwe Yorùbá sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ète irú ìkọ̀sílẹ̀ yìí ni pé kí àwọn tí wọ́n jọ bí ọmọ lè ti kóòtù bọ̀ láì di ọ̀tá ara wọn.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ pé, lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ìfohùnṣọ̀kan nìkan kì í ṣe ìdí tí ilé ẹjọ́ fi ń tú ìgbéyàwó kóòtù ká. Adájọ́ gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ìtàn

Samuel Johnson, nínú ìwé rẹ̀ The History of the Yorubas tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidigidi láàárín àwọn Yorùbá àtijọ́. Ìdílé méjì ni ìgbéyàwó ń so pọ̀, nítorí náà àwọn àgbààgbà ìdílé ni ó ń parí aáwọ̀ tọkọtaya. Bí ó bá di dandan kí obìnrin kúrò nílé ọkọ, dídá owó orí padà ni àmì pé okùn ìgbéyàwó ti já.

Nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, a dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ sì di ọ̀kan lára àwọn ẹjọ́ tí wọ́n ń gbọ́ jù lọ. Ní Èkó, òfin ìgbéyàwó ti ọdún 1884 fi ìgbéyàwó ọkọ kan aya kan múlẹ̀ lábẹ́ ìjọba. Òfin ìgbéyàwó mìíràn tẹ̀ lé e ní ọdún 1914. Ní ọdún 1958, nígbà tí ilẹ̀ Ìlàjẹ ṣì wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ìjọba ẹkùn náà gbé àṣẹ kan jáde lórí ìgbéyàwó ìbílẹ̀, ìkọ̀sílẹ̀ àti ìtọ́jú ọmọ, kí àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà á lò. Àṣẹ yìí ka àwọn ìdí tí a fi lè tú ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ká sílẹ̀, lára wọn ni ìwà ìkà, àìtọ́jú aya, àti kí ọ̀kan fi èkejì sílẹ̀ fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ìgbéyàwó kóòtù, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà ń lò títí di ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1970, nígbà tí òfin Matrimonial Causes, tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon ṣe, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin yìí ni a ṣì ń lò. Ìwé òfin ọdún 1999 fi títú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ká sí abẹ́ agbára Ìjọba Àpapọ̀ nìkan. Nítorí náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò lè dín ọdún tí òfin náà là sílẹ̀ kù. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti ti Ìsìláàmù kò sí nínú ohun tí òfin 1970 náà ń darí.

Irú ìgbéyàwó àti ilé ẹjọ́ tí ó kàn

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí tọkọtaya gbọ́dọ̀ dáhùn ni irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe.

Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni èyí tí ìdílé méjèèjì fọwọ́ sí, tí a san owó orí, tí a sì fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Kóòtù ìbílẹ̀ ni ó lè tú u ká.

Ìgbéyàwó Ìsìláàmù ni èyí tí a so ní yìgì. Òfin ẹ̀sìn ni ó ń darí ìtúká rẹ̀.

Ìgbéyàwó kóòtù ni èyí tí a ṣe ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti so ènìyàn pọ̀. Ilé-ẹjọ́ Gíga nìkan ni ó lè tú u ká. Kì í ṣe gbogbo ìgbéyàwó inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ó jẹ́ ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba. Bí ṣọ́ọ̀ṣì kò bá ní ìwé àṣẹ, tí a kò sì ṣe ohun tí òfin ìgbéyàwó ń béèrè, àdúrà ìbùkún lásán ni ohun tí a ṣe níbẹ̀, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ ni òfin sì mọ̀. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ni ó ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, gẹ́gẹ́ bí ní àwọn ibòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá, a máa kọ́kọ́ ṣe ti ìbílẹ̀, kí wọ́n tó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga, nítorí kóòtù ìbílẹ̀ kò ní agbára lórí ìgbéyàwó tí ìwé ìjọba wà fún.

Ìgbéyàwó ìbílẹ̀

Àwọn ìdílé ni ó kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Olórí ẹbí méjèèjì á pé jọ, wọ́n á gbìyànjú láti parí ìjà, bí kò bá sì ṣeé parí, wọ́n á jíròrò lórí owó orí àti àwọn ọmọ. Ní àbáláyé, bí ìdílé méjèèjì bá gbà, tí a sì dá owó orí padà, ìgbéyàwó ti túká láì dé kóòtù. Òfin kò fi iye ọjọ́ kankan lé e.

Ìṣòro ọ̀nà yìí ni pé kò sí ìwé tí a lè fi hàn lọ́jọ́ iwájú, pàápàá bí ọ̀rọ̀ ogún bá ṣẹlẹ̀ tàbí bí obìnrin náà bá fẹ́ lọ́kọ mìíràn. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń lọ sí kóòtù ìbílẹ̀ kódà nígbà tí kò sí ìjà. Ẹnìkan nínú wọn á pẹjọ́, kóòtù á dá ọjọ́, báílífù á sì fi ìwé ìpè fún ẹnìkejì. Ní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, àwọn adájọ́ sábà máa ń béèrè bóyá ọ̀nà ìlàjà ṣì wà, wọ́n sì lè sún ẹjọ́ síwájú kí àwọn àgbà tún lè dá sí i. Bí àwọn méjèèjì bá dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn, ìdájọ́ lè wáyé ní ìjókòó kan tàbí méjì. Ìdájọ́ náà ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kò sí oṣù mẹ́ta ìdúró bíi ti Ilé-ẹjọ́ Gíga. Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Kóòtù lè pàṣẹ kí a dá owó orí padà. Iye ọdún tí tọkọtaya ti lò pọ̀ àti ọmọ tí wọ́n bí lè mú kí ó dín in kù. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ń dá owó orí padà fún ìdílé ọkọ ní ọjọ́ ìdána gan-an, wọ́n á ní àwọn kò ta ọmọ. Níbi tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí a sọ fún kóòtù, kí owó orí má baà di ohun tí ó ń dá ẹjọ́ dúró.

Ìgbéyàwó Ìsìláàmù

Àkùránì, nínú sura kẹrin, ẹsẹ 35, pàṣẹ pé kí a yan onílàjà kan láti ìdílé ọkọ àti ọ̀kan láti ìdílé ìyàwó bí ìjà bá fẹ́ tú wọn ká. Bí ìlàjà kò bá ṣeé ṣe, ọkọ lè sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀. Ìyàwó náà lè béèrè fún khul'u, nípa dídá sàdáákì tàbí ohun mìíràn tí wọ́n bá jọ fẹnu kò lé lórí padà. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni ó fẹ́ pínyà, àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù ń pè é ní mubara'a.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin á ṣe iddah, ìyẹn àkókò ìdúró kí ó tó lè lọ́kọ mìíràn. Fún obìnrin tí ó ń rí nǹkan oṣù, ìgbà mẹ́ta ni. Fún ẹni tí kò rí i mọ́, oṣù mẹ́ta ni. Fún aláboyún, ó di ìgbà tí ó bá bímọ. Kò sí kóòtù Ṣàríà ti ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, nítorí náà àwọn àlùfáà àti ìgbìmọ̀ ẹ̀sìn ni ó sábà ń bójú tó o.

Ìgbéyàwó kóòtù

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ó ń pinnu àkókò tí yóò gbà.

Àkọ́kọ́: ọdún méjì lẹ́yìn ìgbéyàwó. Abala 30 òfin 1970 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ kí ìgbéyàwó tó pé ọdún méjì, àfi pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ilé ẹjọ́ tàbí nítorí àwọn ìdí díẹ̀ bí àgbèrè.

Ìkejì: gbígbé lọ́tọ̀ fún ọdún méjì. Abala 15 ka ohun mẹ́jọ tí ó lè fi hàn pé ìgbéyàwó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Èyí tí ó bá ìfohùnṣọ̀kan mu jù lọ ni pé kí tọkọtaya ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ó kéré tán ọdún méjì láìdáwọ́dúró, títí di ìgbà tí a pẹjọ́, kí olùjẹ́jọ́ má sì lòdì sí i. Bí olùjẹ́jọ́ bá lòdì sí i, ọdún mẹ́ta ni a ó fi gbé lọ́tọ̀. Ẹ̀bùn tí òfin fún àwọn tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan kò ju ọdún kan ṣoṣo lọ.

Ìkẹta: ìgbẹ́jọ́. Agbẹjọ́rò á kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, a ó fi í jíṣẹ́ fún olùjẹ́jọ́, adájọ́ á sì gbọ́ ẹ̀rí. Kódà bí kò bá sí àtakò, olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí. Adájọ́ ní ojúṣe láti wo bóyá ìlàjà ṣì ṣeé ṣe. Bí ó bá sún ẹjọ́ síwájú nítorí èyí, ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 14, ó kéré tán, kí ẹnìkan nínú wọn tó lè ní kí ìgbẹ́jọ́ máa tẹ̀ síwájú.

Ìkẹrin: oṣù mẹ́ta. Ìdájọ́ tí adájọ́ kọ́kọ́ ń dá ni àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní decree nisi. Kò tíì tú ìgbéyàwó ká. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni ó ń di decree absolute fúnra rẹ̀, láì sí ẹ̀bẹ̀ tuntun. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá wà, abala 57 béèrè pé kí adájọ́ kọ́kọ́ ní ìtẹ́lọ́rùn lórí ètò ìtọ́jú rẹ̀. Bí àṣẹ yìí bá pẹ́, ó lè ju oṣù mẹ́ta lọ kí ìdájọ́ náà tó fìdí múlẹ̀. Bí ọkọ tàbí ìyàwó bá kú kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìdájọ́ náà kò lè fìdí múlẹ̀ mọ́, opó ni òfin á sì ka ẹni tí ó kù sí.

Àpẹẹrẹ ìṣirò

Ká sọ pé tọkọtaya kan tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó kóòtù fún ọdún mẹ́wàá pínyà ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2023. Wọn kò lè pẹjọ́ lórí ìdí yìí kí oṣù kìíní ọdún 2025 tó dé. Bí wọ́n bá pẹjọ́ lójú ẹsẹ̀, tí adájọ́ sì dá ìdájọ́ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún náà, oṣù kẹwàá ni ìgbéyàwó wọn yóò túká. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí ó bá ẹnìkejì jà.

Ohun tí ó ń fa ìdádúró ní agbègbè omi

Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1996, ní olú-ìlú rẹ̀ ní Igbókọ̀dá. Ọ̀pọ̀ àwọn ìletò rẹ̀, bí Ayétòrò, Ùgbónlà àti Àwóyè, wà létí òkun, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ènìyàn sì fi ń lọ láti èbúté Igbókọ̀dá. Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ẹ̀ka ní Òkìtìpupa. Fún ẹni tí ó ń gbé létí òkun, ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ kan jẹ́ ìrìn-àjò omi àti ti ilẹ̀. Bí kóòtù kò bá jókòó lọ́jọ́ náà, owó ọkọ̀ ti lọ lásán.

Iṣẹ́ ẹja pípa náà ń dá ẹjọ́ dúró. Àwọn apẹja Ìlàjẹ ti tàn ká Èkó, bíi Mákòkó àti Bàrígà, wọ́n sì ń gbé ní etí òkun Niger Delta pẹ̀lú. Ó lè ṣòro fún báílífù láti rí ẹni tí a pè lẹ́jọ́. Bí ìfohùnṣọ̀kan bá wà, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ lè gba ìwé fún un. Òfin tún gba olùpẹ̀jọ́ láàyè láti pẹjọ́ ní Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ èyíkéyìí ní Nàìjíríà, níwọ̀n ìgbà tí ibùgbé rẹ̀ bá ti jẹ́ Nàìjíríà. Ọmọ Ìlàjẹ tí ó wà ní Èkó kò ní láti padà sílé nítorí ẹjọ́.

Ìbéèrè kan tún wà: ǹjẹ́ ọdún tí ọkọ lò lẹ́nu iṣẹ́ ẹja pípa ní ọ̀nà jíjìn wọ inú ọdún méjì gbígbé lọ́tọ̀? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ Santos v Santos ti ọdún 1972 fi ìlànà kan lélẹ̀ pé jíjìnnà síra ẹni nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn, ó kéré tán, ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ìgbéyàwó náà ti parí. Ọkọ tí ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé, tí ó sì ń padà wá bá ìyàwó rẹ̀, kò tíì gbé lọ́tọ̀. Ó dára kí tọkọtaya tí wọ́n ti pinnu kọ ọjọ́ ìpínyà wọn sínú ìwé, kí wọ́n sì jọ fọwọ́ sí i.

Ní Ayétòrò àti àwọn ìlú tí ó yí i ká, òkun ti ń jẹ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ẹni tí ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó rẹ̀ bá sọnù lè gba ẹ̀dà tí a fọwọ́ sí ní ọ́fíìsì tí ìgbéyàwó náà ti wáyé.

Nígbà mìíràn, gbogbo ilé ẹjọ́ ni ó ń tì. Ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́, JUSUN, láti oṣù kẹrin di oṣù kẹfà ọdún 2021, dá ẹjọ́ dúró káàkiri Nàìjíríà. Ìsinmi ọdọọdún àwọn adájọ́ náà tún wà.

Àwọn ọmọ àti dúkìá

Àdéhùn tọkọtaya lórí ọmọ ni ó ń dín àkókò kù jù lọ. Ó yẹ kí ó sọ ibi tí ọmọ yóò máa gbé, ẹni tí yóò san owó ilé-ìwé, àti ìgbà tí òbí kejì yóò máa rí i. Ní àṣà, bàbá ni ó ni ọmọ, ṣùgbọ́n abala 71 òfin 1970 ní kí adájọ́ fi ire ọmọ ṣáájú ohun gbogbo. Ní ti dúkìá, ọkọ̀ ojú omi, ẹ́ńjìnnì àti àwọ̀n lè jẹ́ gbogbo ohun ìní tọkọtaya apẹja, ó sì yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tí yóò ní èwo.

Ewu tí ó wà nínú ọ̀nà àbùjá

Nítorí pé ọdún méjì gùn, àwọn kan a máa gbìmọ̀ pọ̀ láti parọ́ àgbèrè tàbí ìwà ìkà fún kóòtù. Abala 27 ka ìdìtẹ̀ láti yí ìdájọ́ po sí ohun tí ó ń dí ìkọ̀sílẹ̀ lọ́wọ́. Ìjẹ́rìí èké sì lè yọrí sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn. Àdéhùn òtítọ́ lórí ọmọ àti dúkìá kì í ṣe ìdìtẹ̀.

Ewu kejì ni kí ẹni tí ó ṣe ìgbéyàwó kóòtù gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀, kí ó sì rò pé òun ti bọ́. Ìgbéyàwó rẹ̀ ṣì wà. Bí ó bá fẹ́ ẹlòmíràn, ó lè jẹ̀bi ẹ̀sùn tí abala 370 òfin ìwà ọ̀daràn fi ẹ̀wọ̀n ọdún méje sí. Bákan náà ni ẹni tí kò dúró kí oṣù mẹ́ta pé.

Ìfiwéra pẹ̀lú àwọn ilẹ̀ mìíràn

Òfin Gánà ti ọdún 1971 jọ ti Nàìjíríà, nítorí òun náà béèrè ọdún méjì gbígbé lọ́tọ̀ pẹ̀lú ìfohùnsí olùjẹ́jọ́. Ní orílẹ̀-èdè Benin, òfin ìdílé ti ọdún 2004 gba tọkọtaya láàyè láti jọ béèrè ìkọ̀sílẹ̀, ìfohùnṣọ̀kan fúnra rẹ̀ sì tó ìdí.

Ní England àti Wales, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2022. Tọkọtaya lè jọ pẹjọ́ láì sọ ẹni tí ó jẹ̀bi, bí ìgbéyàwó wọn bá ti pé ọdún kan. Ọ̀sẹ̀ 20 ni wọ́n ń dúró kí wọ́n tó béèrè ìdájọ́ àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ọjọ́ kan sì tẹ̀ lé e. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀: ní Texas, ọjọ́ 60 ni ìdúró lẹ́yìn tí a bá ti pẹjọ́, nígbà tí ó jẹ́ oṣù mẹ́fà ní California.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1969, tí òun náà béèrè ọdún méjì gbígbé lọ́tọ̀ pẹ̀lú ìfohùnsí, kò ṣiṣẹ́ mọ́ nílẹ̀ rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọdún méjì tí a kọ sílẹ̀ ní 1970 ni tọkọtaya ṣì ń kà.